Ṣé abẹ́ mi máa ya? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún aláboyún àkọ́bí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Tí a bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ aláboyún, tí a ní kí ẹni tó ní ìbéèrè nawọ́, ẹsẹ̀ wíwú, oúnjẹ àti ẹrù ọjọ́ ìbímọ ni wọ́n máa ń bi wá. Ìbéèrè gan-an ń dúró dìgbà tí bẹ́ǹṣì bá dá. Ìyàwó tó lóyún àkọ́bí á wá rọra sún mọ́ tábìlì: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní abẹ́ èèyàn máa ń ya. Kí ni mo lè ṣe?" Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá bí àkọ́bí ló ń ya?

Gbogbo wọn kọ́, àmọ́ wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tí a bá ka bíbó, yíya àti gígé pọ̀, ó tó 9 nínú 10 àwọn tó fi ojú ara bí àkọ́bí. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kéré, ó sì ń jinná dáadáa. Èyí tó yẹ ká sá fún ni yíya tó dé iṣan ihò ìdí, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí 6 nínú 100 àkọ́bí lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé kò ní ya rárá. Ohun tí a lè jọ ṣe ni pé kó má jìn.

Ibo gan-an ló ń ya?

Àárín ojú ara àti ihò ìdí. Awọ ló wà lókè, ẹran iṣan wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni iṣan roboto tó ń di ihò ìdí pa kí ìgbẹ́ àti isó má baà jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ìpele mẹ́rin la pín in sí. Tó bá jẹ́ awọ nìkan ló bó tàbí ló ya, ìpele kìíní nìyẹn, ó sì lè má nílò rírán tí kò bá ṣẹ̀jẹ̀. Ìkejì kan ẹran iṣan, òun la sì ń rán jù. Ìkẹta ti dé iṣan ihò ìdí, ìkẹrin sì ti la iṣan náà kọjá wọ inú ihò ìdí. Méjì ìkẹyìn yìí, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ọwọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n rán ló sì yẹ kó wà.

Ta ló ṣeé ṣe fún jù pé kó ya?

Àkọ́bí fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tó ń fà á, torí ẹran ibẹ̀ kò tíì nà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó bá ju kílò 4 lọ náà wà níbẹ̀, àti ọmọ tó ń bọ̀ tó dojú kọ iwájú ìyá rẹ̀ dípò ẹ̀yìn, ọmọ tí èjìká rẹ̀ há, títì tó pẹ́ jù, àti ọmọ tí dókítà fi irin fà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ní agbègbè wa yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti dábẹ́ fún láti kékeré tí wọn ò sì mọ̀. Àpá kì í nà bí ẹran tí abẹ kò kàn rí. Tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ fọgbọ́n bi wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó má jẹ́ pé ọjọ́ ìrọbí la máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ̀bi yín kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ yín. Tí ọmọ yín bá sì jẹ́ obìnrin, òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dábẹ́ fún un. Ẹ má gbà fún ìyá àgbà kankan.

Wọ́n ní kí n máa fi òróró wọ́ abẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, pàápàá fún àkọ́bí. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí orí rẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé nínú nǹkan bí obìnrin 15 tó bá ń ṣe é, ẹnì kan ló ń bọ́ lọ́wọ́ rírán tí ì bá kàn án. Àǹfààní ni, owó rẹ̀ kò sì ju òróró lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé èékánná, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ìwẹ̀ ló dára jù, torí ara ti dẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ká orúnkún, ẹ ya ẹsẹ̀. Òróró ólífì dára, àdín àgbọn tó mọ́ náà dára. Ẹ fi pa àtàǹpàkò, ẹ rọra tì í wọ ojú ara, kó wọlé tó oríkèé kan sí méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ sápá ihò ìdí títí ara á fi nà, tí á máa ta yín díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ń dùn yín, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ dá a dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wá máa fà á láti ọ̀tún sósì, nísàlẹ̀ nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan apá òkè níbi tí ìtọ̀ ń gbà. Ìṣẹ́jú 5 tó. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ṣíṣe é lójoojúmọ́ kò fi kún un. Tí ikùn kò bá jẹ́ kí ọwọ́ yín débẹ̀, ọkọ lè bá yín ṣe é, ìka méjì ni kó lò.

Ẹ má ṣe é rárá tí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá sọ fún yín pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, tí omi bá ti tú, tàbí tí abẹ́ bá ń yún yín tí nǹkan funfun ń jáde. Ìyẹn nílò ìtọ́jú kọ́kọ́. Ẹ má sì fi Robb tàbí àbọ́nìkì kankan ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti bi mí rí.

Tí mo bá ń jẹ ilá àti ewédú, ṣé ọmọ á yọ̀ bọ̀rọ́?

Inú ikùn ni ilá ń lọ, kì í gba ọ̀nà ọmọ kọjá. Ẹ jẹ ẹ́, ó dára fún yín, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e.

Àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ìrọbí yá ló ń já èmi láyà. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ ìrọbí tí wọ́n ń kó sínú omi tí wọ́n ń fà sára (dírípù) fún obìnrin níbi tí kò sẹ́ni tó ń ka bí ó ṣe ń kán, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ. Ìrora á wá máa gun ara wọn lórí, ọmọ á já bọ́ kí ẹran tó nà, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè bẹ́. Ọmọ tó yá jù wà lára ohun tó ń ya abẹ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ló ń dáàbò bo abẹ́?

Orí ọmọ tó rọra jáde. Gbogbo ohun tó kù nínú ìdáhùn yìí, ọ̀nà àtimú kó rọra jáde ni.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tì kí ẹnu ilé ọmọ tó ṣí tán, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10, kí ara yín fúnra rẹ̀ sì tó sọ pé ó yá. Tó bá sì ti ṣí tán, ẹ máa bá ìrora tì, ẹ má dá èémí dúró títí ojú á fi pọ́n. Fún àkọ́bí, títì lè gbà tó wákàtí 3 kó tó parí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ìyá àti ọmọ bá wà ní àlàáfíà. Àwọn tó ń pariwo "Púùṣì! Púùṣì! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ni?" lé obìnrin lórí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n ariwo yẹn ló ń mú kí obìnrin fi gbogbo agbára já orí ọmọ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí orí bá ti ń yọjú, a máa ń rọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ tó mọ́. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò kí n tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. A ó fún aṣọ náà, a ó gbé e lé àárín ojú ara àti ihò ìdí, a ó dì í mú síbẹ̀ bí ìrora ti ń wá. Tó bá tutù, a ó tún rì í. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dín yíya ìpele kẹta àti ìkẹrin kù, ara àwọn obìnrin sì máa ń balẹ̀ sí i. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ tó mọ́ ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Kò sí ibi ìbímọ kan ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tí kò lè ní i. Tí wọn ò bá fi lọ̀ yín, ẹ béèrè.

Ìgbà kan á wá dé tí orí á yọ tí kò ní padà sẹ́yìn mọ́. Abẹ́ á máa ta yín bí ìgbà tí ata rodo bá kan ojú. Gbogbo ara á sì máa sọ pé kí ẹ tì í tán kí ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti dáwọ́ dúró. Ẹ la ẹnu sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n dẹ̀, ẹ máa mí kúkúrú kúkúrú, hà, hà, hà. Ilé ọmọ ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó ń ti ọmọ bọ̀. Agbẹ̀bí á gbé ìka ọwọ́ kan lé orí ọmọ kó má baà já bọ́, á fi ọwọ́ kejì gbé abẹ́ ró. Ó lè ní kí ẹ tì díẹ̀, kí ẹ tún dúró. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ju ti ara yín lọ ní ìṣẹ́jú yẹn. Èjìká náà ń fẹ́ sùúrù. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́yìn tí orí ti jáde láìṣe nǹkan kan.

Ẹ bá ẹni tó máa gbẹ̀bí yín sọ gbogbo èyí kí ọjọ́ náà tó dé. Inú ìrọbí kọ́ la ti ń ṣàlàyé.

Ṣé dandan ni kí n dùbúlẹ̀ kí n gbé ẹsẹ̀ sókè?

Kì í ṣe dandan. Ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá ìyá wa fi bímọ kí bẹ́ẹ̀dì tó dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin yan bó ṣe fẹ́. Ẹ lè kúnlẹ̀ kí ẹ gbá orí bẹ́ẹ̀dì mú, ẹ lè rá kòrò, ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kí ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ òkè dání. Èmi fẹ́ràn ìfẹ̀gbẹ́dùbúlẹ̀ fún àkọ́bí, torí orí ọmọ kì í sáré, mo sì ń rí abẹ́ dáadáa. Tí ó bá jẹ́ pé irin ni wọ́n máa fi fa ọmọ, ẹ̀yìn lẹ máa fi lélẹ̀. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn.

Wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn ẹ̀gbọ́n mi kí ọmọ lè jáde. Ṣé ó tọ́?

Kò tọ́. Nínú ìlànà ìbímọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ti ikùn láti òkè kí ọmọ lè jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan fẹ́ gùn yín lórí, ẹ ní ẹ ò fẹ́.

Ṣé kò sàn kí wọ́n tètè gé e kó má baà ya?

Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa tẹ́lẹ̀ nìyẹn: kí ẹni tó ń bí àkọ́bí máa gba abẹ. Wọ́n ti wá rí i pé gígé gbogbo èèyàn kò dín yíya tó jìn kù. Gígé kìkì ẹni tó bá nílò rẹ̀ ló sàn. Ìlànà 2018 yẹn náà kọ gígé gbogbo èèyàn. Gígé fúnra rẹ̀ ti tó yíya ìpele kejì, tí awọ rẹ̀ ì bá má ya ńkọ́?

Ó ní ìgbà tó tọ́ ṣá o. Tí ọkàn ọmọ bá ń rẹ̀ ẹ́ tó sì gbọ́dọ̀ tètè jáde, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fi irin fà á, gígé lè gba ẹ̀mí là. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín, kí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ara gbọ́ ọ, kí abẹ sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má dojú kọ ihò ìdí.

Ìyá kan ní àdúgbò wa ń gbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Kí ló dé tí mo fi ní láti wá sí ọsibítù?

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Nígbà tí ètò Àbíyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, tí wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010 láyé ìjọba Mímikò, ohun tí a ń wá ni pé kí obìnrin má kú nínú ìrọbí. Lẹ́yìn náà ni ètò Agbẹ̀bíyè wá, tí wọ́n ń bá àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé ìjọsìn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa kó aboyún wá sí ọsibítù dípò kí wọ́n máa gbẹ̀bí fúnra wọn. Ìyá àdúgbò lè bá yín wá, kó jókòó tì yín, kó máa fọwọ́ pa yín lẹ́yìn. Ìyẹn wúlò gan-an.

Àmọ́ tí abẹ́ bá ya, ta ló máa rán an? Agbẹ̀bí tó kàwé lè rán ìpele kejì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ìkẹta àti ìkẹrin ń fẹ́ ilé ìwòsàn ńlá: ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn (UNIMED) ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ewé dí i fún tí wọ́n ní á jinná fúnra rẹ̀ lè máa ya ìgbẹ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má lè lọ sójà, kó má lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì rò pé bí ìbímọ ṣe rí nìyẹn.

Tí ọmọ bá ti dé, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ó ya?

Wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ wò inú ihò ìdí. Kò tuni lára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é; bí a ṣe ń rí yíya ìpele kẹta tó bá fara pamọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ apàrora, kí rírán tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń rán yín, ẹ pariwo. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó fara dà á. Okùn tí wọ́n ń lò máa ń yọ́ fúnra rẹ̀, wọn kì í tú u.

Ìyá ọkọ mi ti gbé omi kaná. Ṣé kí n jókòó sínú rẹ̀?

Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni, tí bàsíà bá mọ́. Ó ń tuni lára. Omi tó ń hó, rárá. A ti rí awọ tó bó, okùn tó tú, nítorí pé wọ́n ní kó gbóná kó lè wọra. Tí ọwọ́ yín kò bá lè dúró nínú omi náà, ìdí yín kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Dẹ́tọ́ọ̀lù tí wọ́n dà sí i láìwọ̀n ń jó ẹran. Omi lásán tó. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń "fún ojú ara pọ̀" kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ rárá.

Ẹ fọ abẹ́ pẹ̀lú omi lẹ́yìn ìtọ̀ àti ìgbẹ́, láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ fi aṣọ mímọ́ gbẹ ẹ́, ẹ máa pààrọ̀ páàdì lóòrèkóòrè. Parasitamọ́ọ̀ ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ọ̀kadà lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n rán yín. Ẹ wá mọ́tò, ẹ fi ẹ̀bá ìdí kan jókòó, kí ẹ sì bẹ awakọ̀ nítorí kòtò.

Ẹ̀rù ń bà mí láti yàgbẹ́. Ṣé okùn ò ní já?

Kò ní já. Ìgbẹ́ líle ló ń dunni. Iyán kò ṣẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀, kí ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà wọlé, kí omi pọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré lórí ṣáláńgá, ẹ fi páàdì mímọ́ gbé ibi tí wọ́n rán ró, ẹ má fipá. Tó bá jẹ́ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á fún yín ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ àti oògùn tó ń pa kòkòrò. Ẹ lò ó tán.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó ń di isó mú láàárín àwùjọ. Ẹ kà dé 5, ẹ tú u. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe é.

Ìgbà wo ni kí n sáré padà wá?

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì láàárín wákàtí kan. Tí ibi tí wọ́n rán bá ń rùn, tó ń sọ ọyún, tó tú, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín. Ibà. Ìtọ̀ tí kò jáde. Tí isó tàbí ìgbẹ́ bá ń jáde láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ̀ ń rí i pé ó ń gba ojú ara, ẹ má dúró dìgbà àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6, ẹ má sì tijú.

Ìgbà wo ni èmi àti ọkọ mi lè padà máa bá ara wa sùn?

Nígbà tí ó bá ti jinná, tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, tí ẹ̀yin fúnra yín sì fẹ́. Ọ̀pọ̀ ń dúró dìgbà àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ jẹ́ kí ọkọ ka èyí. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ojú ara rẹ̀ máa ń gbẹ. Òróró díẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ òróró máa ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́, nítorí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa ìfètò sọ́mọ bíbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá ya nígbà àkọ́bí, ṣé ti ọmọ kejì náà á ya?

Tó bá jẹ́ ìpele kìíní tàbí ìkejì, ọmọ kejì sábà máa ń rọrùn jù, torí ẹran ti nà rí. Tó bá jẹ́ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, nǹkan bí 5 sí 7 nínú 100 ló tún ń ya bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń bí tiwọn lójú ara láìsí wàhálà. Tí ìgbẹ́ tàbí isó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, dókítà lè bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ìpele yíya náà sí kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ fi sínú àpò káàdì ọmọ, kí ẹ sì fi han agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ oyún kejì sílẹ̀.